Orin Bùkọ́lá

Ọsàn ni Olúbùkọ́lá ń bó lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé yẹn lọ́dún 1991. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, bó ti ń bó ọ̀kan tán ló ń mu ún. Bàtà ọkọ rẹ̀ ló bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí tirẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Olúkúnlé, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Ìlọrà, ń nu eruku ara rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wọn.

"Ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó kì í múra tó báyìí," ni Bùkọ́lá wí.

"Ayọ̀rìndé Onígìtá ní Fìdítì níbí! Nínú gbọ̀ngàn tí kò tó kíláàsì méjì! Ṣé o mọ ohun tí mò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. O ti sọ ọ́ títí, gbogbo aráalé ti há a sórí."

Orin Ayọ̀rìndé kan wà, nípa obìnrin tó jókòó sí gáréèjì, tó ń retí ọkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò ṣe é sínú àwo rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, àfi kó lọ síbi tó ti ń ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, ní Ọ̀yọ́, lọ́dún tí wọ́n pàdé, Bùkọ́lá kò sì yé dárúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà. Òun ni Olúkúnlé fẹ́ gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì wá sílé.

"O ò tiẹ̀ ní yọjú rárá?"

"Kí n lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì pákó? Ẹ̀yìn mi ò gbà. Gbà á wá fún àwa méjì."

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó sì ki ọsàn kan bọ àpò ọkọ rẹ̀.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni Nẹ́pà mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn náà tu èéfín lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ayọ̀rìndé jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé gìtá lé itan. Ó ní bí iná kò bá sí, òun yóò máa lọ, torí wọ́n ń retí òun ní Ọ̀yọ́. Olúkúnlé ló rántí jẹnẹrétọ̀ Sístà Adéwùnmí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni Sístà, ilé rẹ̀ wà lọ́nà Akínmọ̀ọ́rìn. Sìrájù alálùpùpù ló gbé Olúkúnlé débẹ̀. Wọ́n bá a lẹ́yìn ilé, ó ń sá àwọn aṣọ funfun sórí okùn.

"Tíṣà, ẹ̀rọ mi kì í kúrò nílé o."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Màá ti gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

Sístà wo ojú ọ̀run. "Orí ló bá ẹ ṣe é, ọwọ́ mi dilẹ̀ lónìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú o! Sọ fún Bùkọ́lá kó má gbàgbé Ọjọ́rú."

"Yóò gbọ́, mà."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, àwọn èrò hó yèè, wọ́n fún Olúkúnlé ní àga iwájú. Ayọ̀rìndé súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń rí òógùn lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Orin ń tẹ̀lé orin, ṣùgbọ́n orin gáréèjì kò dé. Oòrùn ń wọ̀. Olúkúnlé ń wo fèrèsé, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Bó bá pa ẹ̀rọ náà, eré parí nìyẹn. Ó fọwọ́ pa ọsàn àpò rẹ̀, kò dìde.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Ayọ̀rìndé béèrè ẹni tó wá iná wá. Wọ́n nàka sí Olúkúnlé.

"Ọ̀gá Tíṣà, kí ni ká fi dá yín lọ́lá?"

"Orin gáréèjì. Ẹ bá mi fi orúkọ ìyàwó mi sí i. Olúbùkọ́lá."

Ó tẹ bọ́tìnì rédíò.

Ayọ̀rìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Olúbùkọ́lá jókòó sí gáréèjì nínú orin ni Sìrájù já wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sétí Olúkúnlé.

"Tíṣà, Sístà dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ó ní ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ bọ̀."

Olúkúnlé tọ́ka sí rédíò. "Orin Bùkọ́lá ló ń kọ. Jẹ́ kó parí."

"Ó ní kíá ni o."

"Mo gbọ́. Kò ní pẹ́."

Sìrájù fara ti ògiri. Nígbà tí orin parí, àwọn èrò ní àfi kó tún un kọ. Ayọ̀rìndé wo Olúkúnlé. Olúkúnlé mi orí, ó ní kó kọ ọ́.

Àwọn aládùúgbò ló gbé Bùkọ́lá, olóyún oṣù mẹ́jọ, dé ilé ìgbẹ̀bí Sístà nírọ̀lẹ́ yẹn, àtùpà kan ṣoṣo ni Sístà sì fi ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya títí ẹ̀mí méjèèjì fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ Olúkúnlé báyìí ni kásẹ́ẹ̀tì náà, orin Bùkọ́lá lẹ́ẹ̀mejì, ohùn tirẹ̀ tó ń wí pé kò ní pẹ́, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìró jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ geere.