Ẹyin Tí Obwona Gbé Kalẹ̀ Dè Mí

Ogun parí ní Kitgum, ìlú wa, ni Obwona, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bá rántí pé mo wà láyé.

Ìfẹ́ kọ́ o! Wọ́n ń pín búláńkẹ́ẹ̀tì fún ilé tó bá ní ọmọ tí ogun ṣe léṣe.

Màmá Aciro, alágbàfọ̀ ọsibítù tó wẹ egbò mi, tó sọ àwa mẹ́ta tí kò bí di ọmọ rẹ̀, ló fi kẹ̀kẹ́ gbé mi wá sílé Obwona. Mo jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, aṣọ rẹ̀ bò mí títí dé ìsàlẹ̀.

Obwona ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́.

"Ọjọ́ tí bọ́ǹbù inú ilẹ̀ dún, èmi yìí ni mo pọ̀n ọ́n dé ọsibítù! Gbogbo aṣọ mi ló rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀!"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Màmá Aciro fọwọ́ tẹ̀ mí léjìká.

"Jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán."

Obwona gbé ẹyin adìyẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó padà wálé.

"Ó yá, Lanyero, ọmọ mi. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ fọ́, kó o wọlé."

Mo ká aṣọ sókè.

"Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí, Bàbá Obwona. Ẹ ò wá mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù?"

Màmá Aciro, ẹni tó pọ̀n mí gan-an lọ́jọ́ tí Obwona sá fi mí sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyin náà.

"Ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ mi á sè é jẹ."