Ohun Tó Ń Gbé Fóònù Olúdayọ̀

Olúdayọ̀ ń tẹ kọ̀ǹpútà Linux tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Ungwan Dosa, lápá àríwá.

Ó ń wá ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, èyí tó máa ń gbé fóònù rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ kó tó dún rárá.

Òun fúnra rẹ̀ ló tan án láti fi dán nǹkan wò, ló bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Àǹtí Faith, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kàbbà dé, dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá pè ẹ́ títí, Dayọ̀. Ariwo burúkú kan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní o ò fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn mọ́."

"Kai! Kọ̀ǹpútà ló ń gbé e, ẹ̀gbọ́n mi! Èmi rò pé torí wọ́n ṣì ń bínú sí mi ni wọn ò fi pè."

Ó rí ètò náà. Ó pa á. Ó sì rí i dájú pé kò ní í bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ.

Ó sáré gbé fóònù. "Ẹ jẹ́ kí n bẹ Bàbá báyìí."

Àǹtí Faith rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Àwa náà pè ẹ́ títí, ariwo yẹn náà la gbọ́. Ìdí tí mo fi wọkọ̀ wá nìyẹn. Ọ̀la la fẹ́ sin Bàbá."