Ìpè Láti Yàrá Òkè

Fadékẹ́mi, ọmọ ọmọ mi, ló ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò ní àlejò mọ́. Ẹ̀rọ kékeré wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, á ké sí wa nísàlẹ̀, kò sì ní dákẹ́ àfi téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì dá a lóhùn.

Alẹ́ tí mo sùn tì í, igbe ta.

"Yàrá òkè ni," ó wí. "Àbí kí lèyí? Mo ti tú ẹ̀rọ ibẹ̀ lánàá. Òun rèé lórí tábìlì."

"Má dáhùn, Kẹ́mi. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tá ò rí lóru."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rọ náà lẹ tún ń sá fún?" Ó tẹ̀ ẹ́.

Igbe dá. Lókè, ilẹ̀kùn ṣí. Mo fa ọmọ mi mọ́ra. Ẹsẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, jẹ́jẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀.