Mọ́tò Ajíbóyè Dọ̀bálẹ̀ fún Àna

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi eré sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ti Ajíbóyè fún yín. Ìlú Ẹ̀fọ̀n ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà ti lọ́ mọ́ òkè lára bí ọ̀já ìyálọ́mọ. Èèyàn dáadáa ni, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gan-an. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ohun tó bá ti ń dán, tó wà nínú páálí, òun ló dára lójú rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíì bá ti lò rí, àjẹkù ni.

Nígbà tó ra mọ́tò, ó búra pé irin tòkunbọ̀ kankan kò ní í wọ inú rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n tú lára mọ́tò òkè òkun, tí wọ́n kó wá tà fún wa. Pé mọ́tò ọ̀hún fúnra rẹ̀ gba orí omi wá, ìyẹn kò sí nínú ìbúra.

Ìkókó wọn, Ìrètíọlá, fẹ́ pé ogójì ọjọ́. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Iléṣà, kí ìyá àgbà tó bí ìyá ìyàwó rẹ̀ lè fojú kàn án. Ó wá ku ọjọ́ méjì, ni ẹsẹ̀ mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró kó, kó, kó. Ajíbóyè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀, Ọ̀gá Ṣíjúadé. Bàbá náà wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde.

"Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti jẹ. Mo ní tòkunbọ̀ kan nílẹ̀ tó ṣì le koko. Jẹ́ kí n fi sí i."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í jẹ àjẹkù."

"Ajíbóyè! Kí ni orúkọ ìyàwó rẹ?"

"Tòkunbọ̀ ni. Ẹ kúkú mọ̀ pé Gáná ni wọ́n bí i sí."

"Ẹ gbà mí o! Kò fẹ́ tòkunbọ̀ ní mọ́tò, ó fẹ́ Tòkunbọ̀ sílé!"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Ajíbóyè. Ó bínú jáde, ó lọ ra tuntun nínú páálí pupa, ó sì gbé e padà wá.

Ọ̀gá Ṣíjúadé kò wo páálí. Ó mú irin náà, ó gbọ̀n ọ́n létí, ó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Ó ní, "Ó yẹ kí orí irin yìí le pinpin nínú ife rẹ̀. Èyí ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Ife rẹ̀ kò jìn. Páálí lẹni tó ṣe é ṣe, kò ṣe irin. Lọ́jọ́ tí orí bá yọ nínú ife, táyà á ká, sítíárì tí o dì mú á di igi lásán."

"Ẹ ṣáà bá mi dè é."

"Kì í ṣe ọwọ́ tèmi yìí."

Ajíbóyè wá mẹkáníìkì mìíràn tí kì í bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn sì dè é. Mọ́tò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ajíbóyè ń súfèé.

Ọjọ́ pé. Tòkunbọ̀ gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ya ilé ìyá Tòkunbọ̀, kí òun náà bá wọn lọ, nítorí ilé tó kẹ́yìn ìlú ni, kí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já sísàlẹ̀ òkè.

"Bàbá Ìrètí, ẹ ò gbọ́ nǹkan tó ń ró ni?"

"Òkúta ni."

Tòkunbọ̀ gbá ọmọ mọ́ra sí i.

Ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ tán, ó ti gbé báàgì dúró níwájú ilé. Ajíbóyè rọra yà wọlé, ó fẹ́ gúnlẹ̀ pẹ̀lú fáàrí. Gbà! Táyà òsì ká sábẹ́. Mọ́tò forí kanlẹ̀ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ìkókó kò tilẹ̀ jí. Ìyá Tòkunbọ̀ wo mọ́tò, ó wo Ajíbóyè, ó wá fọwọ́ pa mọ́tò lórí.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa. Wàá gbó, wàá tọ́. Dìde, mo ti dáhùn. Àna mi, ìlàjì ni ìwọ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mọ́tò rẹ ló lẹ́kọ̀ọ́ ilé!"

Tòkunbọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí i bí ọ̀nà ṣe já sísàlẹ̀ láàárín àpáta, kò ju ogún ìṣísẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ẹ̀rín pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ajíbóyè náà rí i. Ó nà gbalaja sínú eruku, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà lọ bá Ọ̀gá Ṣíjúadé. Bàbá náà kò bú u. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ àti tòkunbọ̀ yẹn, wọ́n jọ padà. Kó tó dè é, ó gbé e lé Ajíbóyè lọ́wọ́. Ajíbóyè fi gbogbo agbára gbọ̀n ọ́n. Kò mì.

Oòrùn ti ń rọ̀ kí wọ́n tó dé Iléṣà, ṣùgbọ́n wọ́n dé, wọ́n sì pé. Ìyá àgbà gbá ọmọ mọ́yà, ó ń kì í, ó ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún jó yí agbo ilé ká, wọn kò rí i dá dúró.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ̀mí èèyàn gbára lé, a kì í fi ojú páálí yàn án. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí onítọ̀hún bá fi yín ṣẹ̀fẹ̀, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Ìmọ̀ràn ẹnìkan kò tó bọ̀rọ̀.