Ìtùnú fún Adìyẹ Méje

Lọ́jọ́ tí Paraschiva ń lọ sílé ìwòsàn ní ìlú Suceava kí wọ́n lè tún eegun ìbàdí rẹ̀ ṣe, kò fi ilé lé Ilarion ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, adìyẹ ló fi lé e lọ́wọ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ẹyin wọn ló máa ń kun lódoodún fún Àjíǹde, tí gbogbo abúlé á sì máa wá wò ó bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun.

"Bàbá Anca," ó ní, "tí mo bá dé tí n ò bá ẹyin tí màá kun nílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ. Ẹ ó máa dá òkèlè mămăligă yín rò."

"Ṣé adìyẹ ló máa wá sọ mí di àpọ́n lọ́jọ́ ogbó?" Ilarion bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ sọ́dọ̀ Gavril, aládùúgbò rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọtí èso rẹ̀ wò. Ó tọ́ ọ wò títí ó fi gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú adìyẹ mẹ́rin ló bá, ó sì bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Ṣọ́bìrì ló fi kí i. Ó so òkú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá kí tọmọdé tàgbà lè rí i, ó sì wa kẹ̀kẹ́ náà lọ títí dé ọjà Rădăuți.

Adìyẹ méje tó kù kò jẹ, wọn ò sì yé. Ilarion kì í ṣe ọ̀lẹ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ká tún nǹkan tá a bàjẹ́ ṣe. Ó gbá gbogbo ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ kúrò, ó tẹ́ koríko tuntun, ó fi wáyà tó nípọn yí ilé náà ká, ó sì ta àpò bo fèrèsé kí ohunkóhun tó wà níta má bàa dẹ́rù bà wọ́n. Ó ń po mămăligă gbígbóná pọ̀ mọ́ wàrà fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àgbà wọn, tí Paraschiva ń pè ní Ìyáàfin, yé ẹyin kan. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin di méjì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Ilarion ti ọjà dé pẹ̀lú inú dídùn, ó sì wọlé tọ̀ wọ́n. Gbogbo wọn fò mọ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, ẹyin tún dáwọ́ dúró.

Ó gbé àga wọlé, ó ń jókòó tì wọ́n ní wákàtí méjì lójúmọ́. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kú," ó ń sọ fún wọn. "Èmi ni mo pa á. Kí lẹ tún ń sá fún, ẹ̀yin aláìmoore?" Adìyẹ bà lókùn lọ̀rọ̀ náà dà: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Dochia, ìyàwó Gavril, wá wò wọ́n. Bó ṣe wọlé báyìí, wọ́n rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin gan-an ni wọn ò fẹ́ rí, Bàbá Anca."

"Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

"Ẹ bi ilẹ̀kùn tẹ́ ò tì."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Ó dá a lójú pé àwọn adìyẹ náà mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun.

Ló bá ranṣẹ́ pe àlùfáà Vichentie, tó wá tòun ti omi mímọ́ àti ìdì efinrin. "Mo ti wọ́n ọn sára mọ́tò, mo ti wọ́n ọn sára katakata," àlùfáà wí. "Adìyẹ ló kù."

Orí Ilarion pá, òtútù agbègbè Bucovina kì í sì í fi orí pípá ṣeré. Lórí ibùsùn àti níwájú àlùfáà nìkan ló ti ń ṣí fìlà. Ó fi fìlà kọ́ òpó ọgbà níta, ó wọlé, ó tẹrí ba, ó sì jẹ́wọ́ ọtí, ó jẹ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ilé adìyẹ pa rọ́rọ́. Ìyáàfin rìn wá, ó gun orí bàtà rẹ̀, ó sì jókòó. Ilarion sunkún.

"Àwọn ọmọ ìjọ mi kì í gbọ́ràn tó báyìí," àlùfáà wí.

Lọ́jọ́ kejì tí Ilarion wọlé, wọ́n tún fò mọ́ ògiri. Ó rò ó títí, ó sì rí ojútùú rẹ̀: Ọlọ́run ti dárí jì í, àmọ́ àwọn adìyẹ ń dúró kó jẹ́wọ́ fún ẹni tó ni wọ́n.

Paraschiva fi ọ̀pá rìn dé ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ mímọ́, nígbà tí kíkun ẹyin ku ọ̀la. Ilarion ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ báàgì kalẹ̀ tó fi jẹ́wọ́ tán.

"Mẹ́rin?" ó bi í.

"Mẹ́rin, Ìyá Anca. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Paraschiva kọrí sílé adìyẹ, ọkọ rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn adìyẹ figbe ta, wọ́n kó ara wọn jọ sí igun kan. Paraschiva wò wọ́n. Ó wá wo ọkọ rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sókè, títí ojú rẹ̀ fi dé orí.

"Bàbá Anca, láti ìgbà wo nìyẹn ti wà lórí yín?"

"Láti ọjọ́ Ajé ọjọ́sí. Ó yẹ mí, àbí?"

Paraschiva na ọ̀pá, ó gbá fìlà onírun náà bọ́ sílẹ̀ tòun ti ìrù pupa tó ń fì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tó pa mẹ́rin nínú adìyẹ rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń gbé sórí lójoojúmọ́ wá bá méje tó kù kẹ́dùn.