Iṣan Kẹrin

Lóde òní, ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ kì í gé iṣan kankan àfi tí ẹni tó ni ín bá wò ó tó sì gbà. Ìdí nìyẹn tí Adégoróyè káfíńtà fi lajú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń wo okùn ẹpọ̀n rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún kẹfà rèé tí òun àtìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ.

“Èyí tó funfun tó sì le yẹn ni ọ̀nà àtọ̀,” ni Nọ́ọ̀sì Mọrẹ́nikẹ́ sọ fún un. “A ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn tó wú, tó lọ́ bí ìtàkùn, tí kì í jẹ́ kí àtọ̀ yín dára, la fẹ́ gé. Àmọ́ iṣan tín-ínrín kan wà láàárín wọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ kórópọ̀n. Bí a bá ṣèèṣì gé ìyẹn mọ́ ọn, kórópọ̀n lè gbẹ.”

“Iṣan kìíní. Ṣé ká gé e, sà?” ni ẹ̀rọ bi í.

“Ẹ gé e.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló wí fún ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Èyí ń mí.”

“Ó dá wa lójú pé ara àwọn tó wú ni, sà.”

“Èmi ni mo ni ín. Mo ní ó ń mí.”

Nọ́ọ̀sì kán oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ sórí iṣan náà. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kì, kì, kì, bí ọkàn ẹyẹ.

“Ẹ ṣeun, sà. Èyí tó ń bọ́ kórópọ̀n ni. A ti fi í sílẹ̀,” ni ẹ̀rọ wí. “Iṣan karùn-ún. Ṣé ká gé e?”

Adégoróyè yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu omijé yìí. Mi ò ríran dáadáa.”