Ọkọ́ Keje

Ẹ sún mọ́bí, ẹ pa fóònù, ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú kó tètè gbé e mì!

Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìlaròó, tíṣà tó ń léwájú akọrin ju ọkọ́ tuntun sílẹ̀ gbì níwájú atẹdùrù. "Ìkeje rèé, Bọ̀dá Jayéọlá! Tí mo bá ti kọ orin ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́jọ́ ìkórè, ilẹ̀ á mọ́, màá bá ọkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ọkọ́ ni mo tọrọ ni? Ọkọ ni mo fẹ́ fẹ́!"

Atẹdùrù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àǹtí Tíṣà, òyìnbó ló ni ohùn orin yẹn. Tó bá ti kan 'ọkọ', ṣe ló ń gòkè. Ọkọ lẹ̀ ń tọrọ, ọkọ́ lọ̀run ń gbọ́."

"Ọdún méje! Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé oko lẹ fẹ́ dá ni. Ẹ jẹ́ ká fi tòde òní kọ ọ́. Dùrù làwọn bàbá wa lò, gìtá dé nígbà tiwa, kọ̀ǹpútà ló ń lùlù báyìí. Ẹ ṣáà dijú, kẹ́ ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Tíṣà dijú, ó nawọ́ sókè, ó rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá: "Olúwa, fún mi lọ́kọ̀-ọ̀-ọ̀…"

Kó tó ṣe àmín, bọ́ọ̀sì kan ti fẹ̀yìn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ńdọ́ ń pariwo: "Ìmẹ̀kọ! Ó ku ẹnì kan!"